Fláìwíìlì MX-5: 3.7 kg fúyẹ́ jù, 7.9 kg wúwo jù, kí ló wà láàárín?

Mọ́tò tó wà lórí iṣẹ́ ni Mazda MX-5 ọdún 1994, ẹ́ńjìnnì lítà 1.8, gíáàbọ́ọ̀sì oní gíà márùn-ún, dífù (gíà ìkẹyìn láàárín táyà ẹ̀yìn) 4.10, táyà 185/60R14. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń gùn ún. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ń bá yí lọ́pọ̀ ọjọ́, ó sì máa ń lọ sí pápá eré ìje lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti yọ fláìwíìlì (irin róbótó tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, tí kílọ́ọ̀ṣì ń fara mọ́) tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, ó ti fi ti alumíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè máa yára jẹ́ ìpè.

1. Ẹ̀sùn

(a) Mọ́tò ń kú nígbà tó bá fẹ́ gbéra ní iná ìdúró, àfi bí awakọ̀ bá tẹná dáadáa kó tó jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì.
(b) Bó bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ní sílóò (eré tó ń sá nígbà tí a ò tẹná), dígí ẹ̀gbẹ́ ń gbọ̀n débi pé ojú kò lè ka nọ́ńbà mọ́tò tó wà lẹ́yìn.
(d) Ní sílóò yẹn kan náà, gíáàbọ́ọ̀sì ń ró kẹrẹkẹrẹ bí kò bá sí nínú gíà kankan. Bí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ariwo náà á dákẹ́.
(e) Láti rpm (iye ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan) 4,000 lọ sókè, gbígbọ̀n mìíràn ń wọ inú ilẹ̀ mọ́tò àti ọ̀pá gíà, ó sì ń le sí i títí dé 7,000.

Ẹ̀sùn mẹ́ta àkọ́kọ́ jọ bá ara wọn tan, ìkẹrin ò bá wọn tan rárá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná owó sí ibi tí kò yẹ: wọ́n á pe gbogbo rẹ̀ ní "fáíbíréṣọ̀n", wọ́n á sì wá oògùn kan ṣoṣo fún un.

Ẹ́ńjìnnì oní písítìnnì mẹ́rin máa ń yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan. Ní rpm 850, ìyẹn bíi ìgbà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìbọn kọ̀ọ̀kan bá dún, kíráńkì (ọ̀pá tí àwọn písítìnnì ń yí) á sáré. Kí èkejì tó dún, á fà sẹ́yìn. Fláìwíìlì ló ń pa eré yẹn mọ́ kó má baà máa lọ sókè-sódò. Bí òkòtó ni: èyí tó wúwo létí ni í pẹ́ lórí ìyípo. Fláìwíìlì tó fúyẹ́ kò rí eré pa mọ́, eyín gíà á wá máa gbá ara wọn. Àìsàn yìí le jù nísàlẹ̀, ó sì ń pòórá bí rpm ṣe ń ròkè.

Àìdọ́gba, ìyẹn kí apá kan wúwo ju apá kejì lọ, ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Bí rpm bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti kíráńkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí tó ń yọni lẹ́nu nísàlẹ̀ kì í ṣe àìdọ́gba. Èyí tó ń yọni lẹ́nu lókè, ìwúwo fláìwíìlì kọ́ ló fà á.

Ìdánwò tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mọ́tò dúró sójú kan, gíà kankan ò sí níbẹ̀, a gbé rpm lọ sí 5,000: gbígbọ̀n òkè wà níbẹ̀. Táyà, pọ̀rọ̀pẹ́là (ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíáàbọ́ọ̀sì dé dífù) àti dífù jáde kúrò nínú ẹjọ́ nìyẹn. A tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, a tún gbé e dé 5,000: ó ṣì wà. Díìsìkì kílọ́ọ̀ṣì àti gíáàbọ́ọ̀sì jáde pẹ̀lú. Ó ku fláìwíìlì, pírẹ́ṣà-pléètì (pléètì tó ń ti díìsìkì mọ́ fláìwíìlì) tí a dè mọ́ ọn, àti iwájú kíráńkì. A tú bẹ́líìtì iwájú, a tún dán an wò, kò yí padà.

Gbígbọ̀n kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ retí pé fláìwíìlì yóò mú lọ: èyí tí gígòkè-sọ̀kalẹ̀ písítìnnì mẹ́rin ń fà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Àbímọ́ ẹ́ńjìnnì ni, rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì ró ló ń gbà á mọ́ra.

2. Ohun tí a kọ́kọ́ gbìyànjú láìtú gíáàbọ́ọ̀sì

A yẹ àwọn rọ́bà ẹ́ńjìnnì wò: kò sí èyí tó ya. A yọ wáyà ínjẹ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí rpm ṣe ń já sílẹ̀ bára mu ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ni pé kò sí písítìnnì tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má fo èyí: púlọ́ọ̀gì kan tó ti kú lè ṣe ìṣe fláìwíìlì tó fúyẹ́ láìkù síbì kan.

Sílóò ló kàn. Ẹ́ńjìnnì gbóná, iná iwájú àti fáànù wà ní pípa, a fi wáyà kékeré so ihò TEN mọ́ ihò GND nínú àpótí ìdánwò tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. A yẹ táímìnì wò, ó wà ní 10° kí písítìnnì tó dé òkè pátápátá, bó ṣe yẹ. Sílóò wà ní 800. Ìwé Mazda ní 850, kó máà fi ju 50 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. A fi ìdè afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ ọmọrí rọ́bà gbé e lọ sí 950. Kíkú mọ́tò dín kù, gbígbọ̀n dígí náà dín kù, ariwo gíáàbọ́ọ̀sì ò kúrò. A gbé e dé 1,050: ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ mọ́tò ń mu epo lásán, rpm kò sì fẹ́ wálẹ̀ nígbà tí a bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. A dá a padà sí 950.

A pààrọ̀ ọ́ìlì gíáàbọ́ọ̀sì, lítà 2 ti 75W-90 GL-4. Bó bá tutù, ariwo ò sí. Bó bá ti gbóná, ó padà dé. Ọ́ìlì kò lè ṣe iṣẹ́ tí ìwúwo yẹ kó ṣe. Sísọ gíáàbọ́ọ̀sì kalẹ̀ ló kù.

3. Sísọ gíáàbọ́ọ̀sì kalẹ̀

Irinṣẹ́: sítáǹdì mẹ́rin tó lè gbé mọ́tò ga tó 50 cm, jáàkì gíáàbọ́ọ̀sì, ọ̀pá sọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn tó ní oríkèé, sípánà tó ń ka agbára (N·m), irin tí a fi ń di eyín fláìwíìlì mú, ọ̀pá tí a fi ń to díìsìkì sí àárín, àti díálì gééjì.

Ètò iṣẹ́ náà nìyí. Ẹ tú orí bátìrì, nínú búùtù ló wà. Ẹ fa ọ̀pá gíà yọ láti inú mọ́tò. Ẹ gbé mọ́tò sórí sítáǹdì, ẹ da ọ́ìlì gíáàbọ́ọ̀sì sílẹ̀, ẹ yọ páìpù sàlẹ́ńsà tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ sàmì sí ibi tí pọ̀rọ̀pẹ́là ti pàdé dífù kí ẹ tó tú u. Sílíńdà kílọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíáàbọ́ọ̀sì kò nílò kí ẹ tú páìpù rẹ̀: bóòtù méjì ni, ẹ fi wáyà gbé e kọ́. Láti ìgbà yẹn, kí ẹnikẹ́ni má tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, písítìnnì inú rẹ̀ á fò jáde. Lẹ́yìn náà, sítátà àti àwọn wáyà.

Fírémù alumíníọ̀mù gígùn tó so gíáàbọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ dífù ni MX-5 fi yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ mọ́tò. Kí ẹ tó tú u, ẹ fi jáàkì gbé gíáàbọ́ọ̀sì ró, ẹ fi pákó sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ sì fi ohun mímú fa ìlà sára fírémù àti gíáàbọ́ọ̀sì láti mọ ibi tó wà. Bí fírémù yìí bá padà sí ibi tó yàtọ̀ díẹ̀, ojú ìlà pọ̀rọ̀pẹ́là á yẹ̀, ẹ ó sì ní gbígbọ̀n tuntun tí kò kan fláìwíìlì. Bóòtù rẹ̀ ń gba 104 sí 124 N·m nígbà dídè.

Láti ẹ̀yìn gíáàbọ́ọ̀sì ni ọ̀pá gígùn ti ń dé àwọn bóòtù òkè. Ẹ fa gíáàbọ́ọ̀sì sẹ́yìn gbọnrangandan. Bí ìwúwo rẹ̀ bá rọ̀ sórí díìsìkì, àárín díìsìkì á tẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ò sì ní já dáadáa mọ́.

Inú gbẹ. Kò sí ọ́ìlì lójú díìsìkì, àwọn sípíríǹgì àárín rẹ̀ le dáadáa. Èyí ṣe pàtàkì: díìsìkì tí kò ní sípíríǹgì láàárín máa ń sọ ariwo gíáàbọ́ọ̀sì di ìlọ́po.

4. Wíwọn ẹrù ìyípo

Fláìwíìlì mẹ́ta la gbé kalẹ̀: ti alumíníọ̀mù tó jáde lára mọ́tò, 3.7 kg, ti irin líle tí wọ́n gbẹ́ láti inú irin odidi, 5.4 kg, àti ti ilé iṣẹ́, 7.9 kg, tí a yá láti fi ṣe ìfiwéra.

Ìwọ̀n kílò nìkan ń tan ni jẹ. 1 kg irin tó wà ní 13 cm sí àárín ní agbára lórí ìyípo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti 1 kg tó wà ní 6 cm. Ohun tó yẹ kí a wọ̀n ni ẹrù ìyípo, kg·m², kò sì nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó gùn dọ́gba gbé fláìwíìlì kọ́ kó tẹ́jú. Ẹ yí i díẹ̀, kó máà ju bíi 10° lọ, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ ka àlọ-àbọ̀ ogún pẹ̀lú aago. Ìṣirò rẹ̀:

I = m × 9.81 × R² × T² ÷ (39.48 × L)

m ni ìwọ̀n fláìwíìlì ní kg, R ni bí wáyà ṣe jìnnà sí àárín, L ni gígùn wáyà, T ni àkókò àlọ-àbọ̀ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá. R tiwa jẹ́ 0.12 m, L jẹ́ 1.5 m.

Ti ilé iṣẹ́, 7.9 kg: ogún gba 42.5, I jẹ́ 0.085
Ti irin líle, 5.4 kg: ogún gba 39.4, I jẹ́ 0.050
Ti alumíníọ̀mù, 3.7 kg: ogún gba 37.5, I jẹ́ 0.031

Ẹ wò ó: ti alumíníọ̀mù fi díẹ̀ dín ní ìdajì kílò ti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹrù ìyípo rẹ̀ kò ju 36% lọ. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n ọjà ra fláìwíìlì kò mọ ohun tó rà.

5. Kí ni yóò yí padà lójú títì?

Láti sọ ẹrù ìyípo di kílò lára mọ́tò, ẹ sọ gíà di ìlọ́po dífù, ẹ sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po I, kí ẹ wá fi ìlọ́po ara rédíọ́ọ̀sì táyà (0.289 m) pín in. Gíà MX-5 yìí jẹ́ 3.136, 1.888, 1.330, 1.000 àti 0.814.

Gíà kìíní: 168 kg, 99 kg, 61 kg
Gíà kejì: 61 kg, 36 kg, 22 kg
Gíà kẹta: 30 kg, 18 kg, 11 kg
Gíà karùn-ún: 11 kg, 7 kg, 4 kg

(Ti ilé iṣẹ́ ló ṣáájú, ti irin tẹ̀ lé e, ti alumíníọ̀mù ló kẹ́yìn.)

Ohun tó wà nínú nọ́ńbà wọ̀nyí ló pinnu iṣẹ́ yìí. Láti ti ilé iṣẹ́ bọ́ sórí irin 5.4 kg, 69 kg ló kúrò ní gíà kìíní, 25 kg ní gíà kejì. Láti ibẹ̀ bọ́ sórí alumíníọ̀mù, gíà kejì kò jèrè ju 14 kg lọ lára mọ́tò tó jẹ́ bíi 1,080 kg pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀. Láti gíà kẹta lọ, kò sẹ́ni tó lè mọ ìyàtọ̀ lẹ́yìn sítíárìnnì.

Ohun tí alumíníọ̀mù gbà lọ́wọ́ mọ́tò nísàlẹ̀ ńkọ́? Ní rpm 1,500, agbára tó wà nípamọ́ nínú fláìwíìlì ilé iṣẹ́ jẹ́ bíi 1,050 joule, ti irin 620, ti alumíníọ̀mù 380. Láti mú mọ́tò 1,080 kg kúrò lójú kan dé 4 km/h, bíi 670 joule ló ń gbà. Pẹ̀lú irin, ohun tó wà nípamọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Pẹ̀lú alumíníọ̀mù, ó fi díẹ̀ ju ìdajì lọ, awakọ̀ ní láti tẹná láti fi dí ìyókù. Ìdí tí mọ́tò fi ń kú nìyẹn.

Fún mọ́tò tó ń rí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, a mú 5.4 kg. Fún mọ́tò pápá eré ìje pọ́ńbélé, èyí tí kì í sọ̀ kalẹ̀ sí rpm 3,000, a ò bá fi alumíníọ̀mù sílẹ̀ síbẹ̀: ní 3,000, ohun kan náà tó ń mì í ní 850 ti dín kù ní ìlọ́po 12.

Gígé ti ilé iṣẹ́ lórí léètì ńkọ́? A ò ṣe é. Irin dídà (kásì áyọ̀n) ni, òòru kílọ́ọ̀ṣì sì ti mú àmì ìlà wẹ́wẹ́ wá sójú rẹ̀. Ní rpm 7,000, etí fláìwíìlì yìí ń sáré bíi mítà 99 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó lé ní 350 km/h, ó sì wà ní ìtòsí ẹsẹ̀ awakọ̀. Irin dídà tó bá fọ́ níbẹ̀ á gba inú gíáàbọ́ọ̀sì kọjá bọ́ sínú mọ́tò. Ti irin líle tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, tó sì ní àmì ìdánwò SFI 1.1 (ìlànà ààbò fún fláìwíìlì eré ìje), ni ẹ rà.

6. Bálánsì: ibi tí ẹ̀sùn kẹrin ti jáde

Ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ bálánsì la gbé e lọ. Alumíníọ̀mù nìkan: 50 g·mm (gíráàmù tó fi wúwo jù ní ìlọ́po mílímítà tó fi jìnnà sí àárín), ó dára. Alumíníọ̀mù pẹ̀lú pírẹ́ṣà-pléètì tí a dè mọ́ ọn: 480. Irin nìkan: 40. Irin pẹ̀lú pírẹ́ṣà-pléètì kan náà: 460. Pírẹ́ṣà-pléètì ni olè, fláìwíìlì kankan ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

460 g·mm kò pọ̀ lójú. Ní rpm 850, kò ju bíi 4 newton lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ní 4,000 ó di 81, ní 7,000 ó di 247, bí ìgbà tí ẹrù 25 kg ń gbá kíráńkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ìpele G6.3 nínú òfin bálánsì ISO 21940-11 (tó rọ́pò ISO 1940) gba 83 g·mm láyè fún fláìwíìlì 5.4 kg àti pírẹ́ṣà-pléètì 4.3 kg papọ̀ ní 7,000.

A lè ra pírẹ́ṣà-pléètì mìíràn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé tuntun yóò sàn jù, bẹ́ẹ̀ ìlò rẹ̀ ṣì pọ̀. A gbẹ́ irin kúrò lára fláìwíìlì níbi tó wúwo. Ní 125 mm sí àárín, 3.7 g ni a ní láti yọ. Dírílì 8 mm ń yọ bíi 0.4 g nínú irin fún mílímítà kan, nítorí náà ihò méjì tó súnmọ́ra, bíi 5 mm jíjìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ẹ̀yìn tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Ẹ má gbẹ́ ojú tí díìsìkì ń fara mọ́. Lẹ́yìn gbígbẹ́: 30 g·mm.

Gbèsè tó wà nínú ọ̀nà yìí ni pé méjèèjì ti di ìbejì. A fi pọ́ǹṣì sàmì sára wọn kí wọ́n lè máa padà síbi kan náà. Lọ́jọ́ tí pírẹ́ṣà-pléètì bá yí padà, a gbọ́dọ̀ tún bálánsì ṣe.

7. Dídè padà

Nígbà tí ilẹ̀kùn ti ṣí, a pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn kíráńkì, bíárìn kékeré tó wà láàárín kíráńkì, àti bíárìn tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì. Owó wọn kéré sí wàhálà sísọ gíáàbọ́ọ̀sì kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ihò bóòtù fláìwíìlì lára kíráńkì MX-5 já sí ibi tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wà. Ẹ fọ ọ̀nà ìdè mọ́, kí ẹ fi oje ìdínà sára bóòtù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbàgbé, ọ́ìlì á máa jò díẹ̀díẹ̀ bọ́ sórí díìsìkì, kílọ́ọ̀ṣì á máa fò bí mọ́tò bá fẹ́ gbéra, ẹ ó sì máa fura sí síìlì tó jẹ́ aláìṣẹ̀. Bóòtù tuntun, kí ẹ dè wọ́n ní ìdojúkọ ara wọn: 40, 70, lẹ́yìn náà 100 N·m (Mazda gba 96 sí 103). Díálì gééjì (aago tó ń wọn bí ojú irin ṣe ń yẹ̀ bó ṣe ń yí) lójú fláìwíìlì fi 0.06 mm hàn. Bó bá ju 0.2 lọ, ẹ tú u, ìdọ̀tí tàbí irin kékeré ti há sẹ́yìn rẹ̀.

Fi omi ìfọ-bíréèkì nu ojú fláìwíìlì, kò gbọdọ̀ sí àmì ìka níbẹ̀. Apá tí sípíríǹgì díìsìkì ti yọ jáde ló ń kọjú sí gíáàbọ́ọ̀sì. Ẹ fi ọ̀pá ìtò dì í mú sí àárín, kí ẹ de bóòtù pírẹ́ṣà-pléètì díẹ̀díẹ̀ yípo, 18 sí 26 N·m. Gíríìsì tí a fi sí eyín ọ̀pá gíáàbọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ ju ohun tí àkísà lè nù tán lọ.

Bí gíáàbọ́ọ̀sì bá kọ̀ láti wọlé tó ku díẹ̀, ẹ má fi bóòtù fà á, etí rẹ̀ á là. Ẹ fi gíà sí i, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ títí eyín yóò fi bára mu.

Owó: fláìwíìlì irin £260, bálánsì £70, bóòtù, síìlì àti bíárìn £45, ọ́ìlì £22. Àpapọ̀ £397, láìka iṣẹ́ ọwọ́.

8. Èsì

Sílóò wà ní 900. Mọ́tò ń gbéra láìkú, awakọ̀ kò sì ní láti tẹná kó tó jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ títẹ́jú. Dígí ẹ̀gbẹ́ dúró tó láti ka nọ́ńbà. Gbígbọ̀n òkè ti lọ pátápátá títí dé 7,000. Ariwo gíáàbọ́ọ̀sì kù díẹ̀ nígbà tó bá gbóná gan-an, ẹni tó bá ṣí fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló lè gbọ́ ọ. Rpm kò já lulẹ̀ bí ti alumíníọ̀mù mọ́ láàárín gíà kìíní àti ìkejì, ọwọ́ awakọ̀ ní àyè díẹ̀ sí i láti yí gíà.

Àkíyèsí mẹ́ta fún ẹni tó fẹ́ ṣe é lára mọ́tò mìíràn. MX-5 yìí ń ka ipò kíráńkì láti ẹ̀yìn orí ẹ́ńjìnnì. Àwọn Peugeot àti Renault kan ń kà á láti ara fláìwíìlì fúnra rẹ̀, nítorí náà fláìwíìlì tuntun gbọ́dọ̀ ní àwọn eyín ìkà yẹn níbi tó yẹ gan-an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́tò ò ní ṣáná. Èkejì, mọ́tò tó ní OBD-II (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ àìsàn ẹ́ńjìnnì) ń fi ìyàtọ̀ eré kíráńkì mọ písítìnnì tí kò yìnbọn. Fláìwíìlì tó fúyẹ́ jù lè mú kó tan iná ìkìlọ̀ P0300 (kóòdù pé písítìnnì ń kùnà láti yìnbọn) nígbà tí kò sí àìsàn kankan. Ẹ̀kẹta, bí mọ́tò bá ní fláìwíìlì alápá méjì tó ní sípíríǹgì nínú, bíi ti ọ̀pọ̀ Golf oní dísù, sípíríǹgì àárín díìsìkì kì í sábà sí níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ di alápá kan gbọ́dọ̀ pààrọ̀ díìsìkì pọ̀ mọ́ ọn sí èyí tó ní sípíríǹgì.

Fún kìlómítà 500 àkọ́kọ́, kí awakọ̀ má jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀ lórí òkè, kó má sì fi rpm gíga gbéra. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo abẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíáàbọ́ọ̀sì bóyá ọ́ìlì wà níbẹ̀, kí ẹ sì tún fi sípánà yẹ bóòtù fírémù wò.